Root kì í ṣe gbòǹgbò, onílé ni

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ohun tó yẹ ká kọ síwájú Name[yo]=, ìlà orúkọ lédè Yorùbá, nínú fáìlì .desktop tó ń ṣe àbùjá, nígbà tí àbùjá ojú kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó ju agbára aṣàmúlò lásán lọ lórí Linux, ìyẹn iṣẹ́ root, aṣàmúlò tó ní gbogbo agbára. Àbá méjì ló ti wọlé: «Ṣe é bíi gbòǹgbò» àti «Ṣe é bí alákòóso». N kò fara mọ́ ìkankan.

Gbòǹgbò yẹ «/», níbi tí gbogbo fódà ti yọ ẹ̀ka. Ká fi sílẹ̀ níbẹ̀. Root tí nọ́ńbà aṣàmúlò rẹ̀ jẹ́ 0 kì í ṣe ara igi, ẹni tó nilé ni. Ayálégbé ni àwa yòókù: a lè tún yàrá wa tó wà ní /home tò bó ṣe wù wá, a ò gbọdọ̀ wó ògiri. Alákòóso ńkọ́? Lórí Ubuntu, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ sudo, àwọn tó lè ṣiṣẹ́ lórúkọ root, ni, nọ́ńbà tirẹ̀ kì í sì í ṣe 0. Aṣojú onílé ni mo pè é.

Ọ̀rọ̀ aṣínà ló fi ìyàtọ̀ náà hàn jù. Tí o bá lo àṣẹ su, ọ̀rọ̀ aṣínà onílé fúnra rẹ̀ ló máa béèrè, torí pé ńṣe lo fẹ́ di onílé. Tìrẹ ni àṣẹ sudo ń béèrè. Á yẹ fáìlì /etc/sudoers wò bóyá wọ́n yàn ọ́, á sì kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ pé ìwọ lo jẹ́ iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ọ̀hún gba nọ́ńbà 0 títí tó fi parí, àmọ́ ìwọ ò kúrò ní ẹni tí o jẹ́. Ìlàrí a máa ṣiṣẹ́ lórúkọ Aláàfin, kò sọ ọ́ di Aláàfin. «Di onílé» ni kí su jẹ́, kí sudo jẹ́ «lórúkọ onílé».

Ẹnìkan mú baálé wá dípò onílé. Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n obìnrin tó ni kọ̀ǹpútà ńkọ́? Mo mọ̀ pé tí àmì bá bọ́, onílé á jọ onílẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀, ẹni tó ni nǹkan ṣáà ni méjèèjì.

Àṣẹ ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Ohun tí à ń tẹ̀ sí tẹ́míná là ń pè bẹ́ẹ̀, ààyè tí wọ́n fún wa náà là ń pè bẹ́ẹ̀. Tí bash, ètò tó ń gba ohun tí a tẹ̀ sí tẹ́míná, bá wá kọ «Kò sí àṣẹ», ṣé àṣìṣe 127 ni, pé kò rí ohun tí a tẹ̀, àbí 126, pé wọn ò gbà wá láyè? Ẹ jẹ́ ká fi àṣẹ mọ sí ti àkọ́kọ́, ká pe ìkejì ní ìyọ̀ǹda.

Ẹ wò ó lójú fáìlì:

[Desktop Entry]
Type=Application
Name[yo]=Mú Ubuntu bá ìgbà mu lórúkọ onílé
Exec=sh -c "sudo apt update && sudo apt upgrade; read x"
Terminal=true

Tí Terminal bá jẹ́ false, sudo ò ní rí ibi tó ti máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà: wàá tẹ àbùjá náà, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Exec kì í ka &&, tó so àṣẹ méjì pọ̀, fúnra rẹ̀, ìdí tí sh -c fi wà níbẹ̀ nìyẹn. read x ni kò jẹ́ kí fèrèsé pa dé kí o tó ka èsì.

Fún ètò tó ní fèrèsé tirẹ̀, ẹ má wá gksu, tó ń ṣí irú ètò bẹ́ẹ̀ lórúkọ onílé, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń dárúkọ, Debian ti yọ ọ́ ní 2018. pkexec ló kù, òun náà sì máa ń bọ́ DISPLAY, tó ń sọ ibi tí fèrèsé á ti yọ, dànù, àfi tí òfin polkit, ètò tó ń pinnu ẹni tó ní ìyọ̀ǹda, fún ètò náà bá ní allow_gui. Fèrèsé tó ń yọ láti béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà pàápàá nílò gbólóhùn: «Tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ» tó bí ẹni tó jókòó síbẹ̀ bá jẹ́ aṣojú. Bí kò bá jẹ́ aṣojú, orúkọ aṣojú kan ni polkit ń gbé wá, «Tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà aṣojú onílé» ló sì yẹ kó wà níbẹ̀.