Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: píkọ́ọ̀pù wo ni kí n fi rọ́pò èyí tó fẹ́ dákẹ́ yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣu ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, Ṣakí ni mo sì ti ń lọ kó o. Píkọ́ọ̀pù tí mò ń lò láti 2014 ti fẹ́ dákẹ́. Ó ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni mu omi, ìpẹtà sì ti jẹ ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ débi pé pákó ni mo tẹ́ síbẹ̀ kí iṣu má baà jábọ́ sọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti tú ẹ́ńjìnnì yẹn palẹ̀. Ó ti sú mi.

Tòkunbọ̀ ni agbára mi ká. Ọkàn mi fà sí Toyota Hilux oníbẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì 2.7, torí kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà yẹn. Àmọ́ ẹnìkejì mi lọ́jà ní Mitsubishi L200 onídísẹ́ẹ̀lì ni kí n rà, pé kì í janpata lábẹ́ ẹrù.

Iṣu bíi 200 ni mò ń kó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ń tọ́jọ́? Kí ni kí n yẹ̀ wò lábẹ́ ọkọ̀ kí n tó sanwó?