The Wizard of Oz: ṣé ẹ̀dà wa ló bàjẹ́ ni?

Ajílété: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. A fẹ́ fi projẹ́kítọ̀ gbé fíìmù 1939 yìí sára ògiri fún àwọn ọmọ àdúgbò l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò láwọ̀, búráùn ni gbogbo rẹ̀, ojú àwọn èèyàn sì fẹ̀ bí àwo.

OníSinimá: Ti búráùn yẹn kì í ṣe àléébù. Bí wọ́n ṣe ṣe apá Kansas (ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí Dorothy, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, ń gbé) nìyẹn, níbẹ̀rẹ̀ àti nípárí. Ẹ má fi kún àwọ̀ o. Tí bàtà pupa Dorothy bá dé, yóò tàn jù. Ibi tí Dorothy ti ṣílẹ̀kùn sí ilẹ̀ Oz tó láwọ̀ ni kí ẹ̀yin àgbà fojú sí. Fíìmù aláwọ̀ ni wọ́n fi ya ibẹ̀, inú ilé ni wọ́n kùn ní búráùn. Ẹlòmíràn tó wọ aṣọ búráùn ló ṣílẹ̀kùn tó sì yà sẹ́yìn, kí Judy Garland, ẹni tó ṣe Dorothy, tó jáde nínú aṣọ búlúù. Ọmọdé kì í fura. Lójú tèmi, kò sí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó jù ú lọ.

Ìyá Ìbejì: Ojú tó fẹ̀ ni àléébù gidi. Fíìmù ìgbà yẹn kò fẹ̀ tó tẹlifíṣọ̀n òde òní. Ẹ yí projẹ́kítọ̀ láti ìwọ̀n fífẹ̀ 16:9 sí ìwọ̀n 4:3, kí ẹ fi dúdú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Tí ojú bá wá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀dà yín ti ní dúdú náà lára. Ẹ dá projẹ́kítọ̀ padà sí 16:9. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 42 ni, ẹ bu epo sí jẹnẹrétọ̀ ṣáájú.

Ajílété: Ẹ ṣé gan-an. Àbí fàdákà kọ́ ni bàtà yẹn nínú ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà?

OníSinimá: Fàdákà ni, nínú ìwé 1900. Torí Technicolor, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya fíìmù aláwọ̀ nígbà náà, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di pupa.