Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé inú ilé òṣùpá àfidánrawò rí, ẹ wá sọ bó ṣe rí

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Wọ́n mú mi fún ìdánwò kan nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á ti èèyàn mẹ́fà mọ́lé, a ó máa ṣe bí ẹni tó wà lórí òṣùpá. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni jíjẹ, mímu àti sísùn ibẹ̀ ṣe rí?

Ọmọ Mókólá: Mo ti ṣe é nígbà tí mò ń kàwé ní Yúróòpù. Ilé tí ò ní fèrèsé kankan ni. Ohun tó mú mi jù ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gba fóònù àti aago ọwọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà, iná àjà ló ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ti mọ́: á kọ́kọ́ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, á wá máa funfun díẹ̀díẹ̀, tó bá di alẹ́ á tún pupa padà. Àwọn tó wà níta ló ń darí ẹ̀, wọ́n sì máa ń fa aago síwájú láìsọ fún wa, kí wọ́n lè rí ohun tí ara wa máa ṣe. Ara mọ̀ o! Oúnjẹ kì í wù mí jẹ lásìkò oúnjẹ, oorun á sì máa kùn mí lọ́sàn-án gangan.

Iṣẹ́ tèmi ni ewébẹ̀. Láràárọ̀, màá kọ́kọ́ tu itọ́ sínú ike kékeré kan, màá kọ nọ́ńbà mi sí i lára, màá gbé e sínú fìríìsà. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá lọ sídìí ewébẹ̀ tó wà lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò. Màá já ewé, màá gbé e lórí ìwọ̀n, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Òórùn ewé tútù yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Ibẹ̀ lẹni tínú bá ń bí máa ń lọ jókòó.

Ìyá Àpáta: Omi ńkọ́? Ṣé ẹ ń wẹ̀?

Ọmọ Mókólá: Ìyá mi, omi ní òdiwọ̀n. Bọ́tìnì là ń tẹ̀, á dà díẹ̀, á dá. Lọ́jọ́ mìíràn, aṣọ tútù la fi ń nu ara. Gbogbo omi tá a bá lò là ń kọ sílẹ̀, títí dórí èyí tá a fi ṣan ṣíbí.

Ìyá Àpáta: Ẹni tó ń ra omi táńkà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn n'Ìbàdàn, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ nípa ìyẹn? Omi tí mo bá fi ṣan ìrẹsì ni mo fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́.

Bàbá Òjé: Mi ò gbà. Lórí òṣùpá, ẹni tó tẹ̀wọ̀n kílò 60 níbí, bíi kílò 10 ló máa rí lára ẹ̀. Ẹ̀yin wà lórí ilẹ̀, ẹ wúwo bẹ́ ẹ ṣe ń wúwo. Kí lẹ wá ń dán wò?

Ọmọ Mókólá: Èèyàn là ń dán wò, bàbá. Ti ìwúwo yẹn, ibòmíì ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn mẹ́fà lè jọ gbé láìjà. Nínú tiwa, ariwo ẹnu ẹnì kan nídìí oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. A tìtorí ẹ̀ ṣèpàdé!

Adékẹ́ Bódìjà: Ha, mo mọ ìyẹn! Ní kámpù àgùnbánirọ̀, ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òkè máa ń fi ìka ẹsẹ̀ lu irin lálaalẹ́. Títí dòní, tírin bá ń dún báyìí, inú á máa bí mi.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà: Tàwọn ará Ṣáínà ló wú mi lórí jù. Yuegong-1 lorúkọ ilé òṣùpá àfidánrawò tiwọn, ní Yunifásítì Beihang, Beijing. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ni, mẹ́rin á wọlé, mẹ́rin á jáde, láti oṣù karùn-ún 2017 sí oṣù karùn-ún 2018, ọjọ́ 370 lápapọ̀. Ikọ̀ kejì lo ọjọ́ 200 gbáko láìjáde. Wọ́n ń dáko nínú ilé, wọ́n ń sẹ́ omi tí wọ́n bá lò kí wọ́n lè tún un lò. Èyí téèyàn ò lè jẹ lára ohun ọ̀gbìn, kòkòrò ni wọ́n fi ń bọ́, wọ́n á wá jẹ kòkòrò náà dípò ẹran. Iná tiẹ̀ kú mọ́ wọn lórí láìròtẹ́lẹ̀.

Adékẹ́ Bódìjà: Kòkòrò kẹ̀? Olúwa má jẹ̀ẹ́.

Bàbá Òjé: Kí ló ṣe kòkòrò? Ṣé o ò jẹ èsúnsún rí ni? Tójò bá dá, abọ́ omi la máa ń gbé sábẹ́ iná, a ó yan án tòun tiyọ̀. Ó dùn ju ẹran lọ.

Adékẹ́ Bódìjà: Èsúnsún ò bá mi gbé yàrá, sà. Èyí téèyàn ń fọwọ́ ara ẹ̀ bọ́ lẹ̀rù ń bà mí sí.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà: Adìẹ ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́?

Ìyá Àpáta: Iná kú, ní Ṣáínà?!

Alfa Ọjà'ba: Ìbéèrè tèmi rèé. Mùsùlùmí tó bá lọ gbé òṣùpá lóòótọ́, báwo ló ṣe máa gbààwẹ̀? Ọ̀sán ibẹ̀ tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tiwa, òru ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà: Wọ́n ti dáhùn ohun tó jọ ọ́, Alfa. Ní oṣù kẹwàá 2007, nínú Ràmàdáànì, Muszaphar Shukor ọmọ Màléṣíà gòkè lọ sí ISS, ibùdó táwọn èèyàn ń gbé lójú òfuurufú, tó ń yí ayé po. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ìlú ẹ̀ là á sílẹ̀ fún un pé aago ibi tó ti gbéra ni kó fi kírun, ààwẹ̀ sì ṣeé san tó bá padà dé.

Alfa Ọjà'ba: Alhamdulillah. Ẹni tó wà lórí òṣùpá, kí ló máa wá wò kó tó mọ̀ pé oṣù ti lé?

Ọmọ Mókólá: Ayé, sà. Téèyàn bá wà níbẹ̀, ayé wa náà máa ń yọ tínínrín, á kún, á tún máa dín kù.

Bàbá Òjé: Èyí ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gbé ata lọ? Ìyá mi ti ń gún un kiri.

Ọmọ Mókólá: Tiwa gbà torí ó gbẹ, wọ́n kàn kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ni. Oúnjẹ gbígbẹ là ń bu omi gbígbóná sí lójoojúmọ́, ata yẹn ló jẹ́ kó lọ lọ́fun. Nígbà tó yá, ọmọ Jámánì kan ń bèèrè ẹ̀ jù mí lọ.

Ìyá Àpáta: Ata rodo ni kó o mú, ọmọ mi. Ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ṣeé ṣí ṣá?

Ọmọ Mókólá: Ó ṣeé ṣí nígbàkígbà, mà. Ara ẹnì kan ò yá nígbà tiwa, ó jáde, wọn ò bá a wí.