Háàdì 2TB fún tẹlifíṣọ̀n: èwo ni ká rà, NTFS àbí exFAT la ó fi fọ́máàtì rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ ra háàdì tí àwọn òbí wa yóò máa fi wo fíìmù lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Fíìmù tó wà nílẹ̀ tó 900GB. Ọ̀pọ̀ jẹ́ mp4, díẹ̀ jẹ́ mkv, mẹ́ta nínú wọn sì ju 4GB lọ. Ihò USB méjì ló wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n náà: wọ́n kọ "5V 0.5A" sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, "HDD 5V 1A" sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Ìwé tó bá a wá ní FAT32 àti NTFS ló ń kà, kò dárúkọ exFAT rárá (ọ̀nà tí a ń gbà to fáìlì sórí háàdì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta).

Ẹni tó ń ta háàdì ní ká mú oníwọ̀n ínṣì 3.5 nítorí pé owó rẹ̀ dín, ká sì fi exFAT fọ́máàtì rẹ̀, torí MacBook ni àbúrò wa tó ń gbé London máa ń mú wálé, òun náà ló sì máa ń kó fíìmù tuntun wá. Laptop Windows 10 wà nílé. NEPA máa ń mú iná lọ láìsọ fúnni, inverter kékeré kan ló ń gbé tẹlifíṣọ̀n, kò gbé nǹkan mìíràn. Èwo ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe fọ́máàtì rẹ̀ tí kò fi ní tètè bàjẹ́?

Àkànní_Wáyà:

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn òbí. Ìwé tẹlifíṣọ̀n yẹn ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n bá lè kà ni kí háàdì jẹ́. Laptop àti MacBook la lè wá ọgbọ́n dá sí, ṣùgbọ́n bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣe jáde nílé iṣẹ́ ló ṣe máa wà.

Ẹ fi NTFS ṣe é. FAT32 kì í gba fáìlì tó bá tó 4GB, nítorí náà àwọn fíìmù mẹ́ta yẹn kò ní wọlé. Windows á kàn máa sọ pé "The file is too large for the destination file system", kódà bí 1TB bá ṣófo lórí háàdì. exFAT ń gba fáìlì ńlá, Mac àti Windows sì ń kọ nǹkan sí i, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tó kan àwa tí iná ń lọ lójijì. NTFS máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é. Bí iná bá lọ láàárín, ìgbà tí ẹ bá tún so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ yẹn ni yóò fi tún ètò rẹ̀ tò. Fáìlì tí ẹ ń kó lọ́wọ́ lè sọnù, ṣùgbọ́n kò ní fa àwọn tó kù lọ. exFAT kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wáyà bá já nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, àtòjọ fódà lè dàrú, kí háàdì tí fíìmù kún inú rẹ̀ máa pe ara rẹ̀ ní òfìfo. Wíwo fíìmù nìkan kì í sábà fa èyí, ìgbà tí ẹ bá ń kó nǹkan sí i ni ewu wà.

Ẹ má ra 3.5 yẹn o, bó ti wù kó dínwó tó. Ó ní adápítọ̀ 12V tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Inverter yín kò gbé ju tẹlifíṣọ̀n lọ, nítorí náà ara iná NEPA ni háàdì yóò wà. Bí NEPA bá mú iná, tẹlifíṣọ̀n á ṣì máa ṣiṣẹ́, háàdì á sì kú lójijì nígbà tí abẹ́ rẹ̀ (apá kékeré tó ń ka nǹkan) ṣì wà lórí àwo tó ń yí. Abẹ́ yẹn á sáré padà sí ààyè rẹ̀ ní tipátipá, háàdì sì máa ń ka iye ìgbà tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí i. Oníwọ̀n 2.5 ń gba iná láti inú USB tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, orí inverter kan náà ni àwọn méjèèjì yóò jọ wà.

Ihò tí wọ́n kọ HDD sí ni kí ẹ fi sí nígbà gbogbo. Háàdì 2.5 lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 1A nígbà tí àwo rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Ní ihò 0.5A, ẹ ó gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, iná ara rẹ̀ á máa tàn á máa kú, tẹlifíṣọ̀n á sì ní òun kò rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ju háàdì tó dára nù nítorí ìró yẹn, bẹ́ẹ̀ ebi iná ló ń pa á. Wáyà kúkurú tó bá a wá náà ni kí ẹ lò. Wáyà gígùn tó tín-ín-rín máa ń jẹ lára iná kó tó dé ọ̀dọ̀ háàdì.

Ẹ má náwó sí SSD (háàdì tí kò ní àwo tó ń yí) fún iṣẹ́ yìí. Fíìmù 2GB tó gba wákàtí méjì kì í jẹ ju 0.3MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Díìsìkì 4K tó wúwo jù lọ kò tó 20MB. Háàdì 5400rpm (àwo rẹ̀ ń yí nígbà 5400 ní ìṣẹ́jú kan) ń gbé nǹkan bí 100MB, USB 2.0 tó lọ́ra pàápàá ń gbé bí 30MB. 5400rpm ti tó, kì í gbóná, kì í sì pariwo nínú yàrá.

Ajíbọ́lá_Kọ̀ǹpútà:

Mo fara mọ́ ti Àkànní. Bí ẹ ó ṣe fọ́máàtì rẹ̀ nìyí.

Ẹ yọ gbogbo flash àti háàdì mìíràn kúrò lára laptop kí ẹ má baà nu èyí tí kò yẹ. Ẹ so háàdì tuntun mọ́ ihò USB aláwọ̀ búlúù bó bá wà. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú X, kí ẹ mú Disk Management. Ìwọ̀n ni kí ẹ fi dá háàdì yín mọ̀, ẹ má fi nọ́ńbà dá a mọ̀: 2TB á hàn bí nǹkan bí 1863GB. Wọn kò jí nǹkan kan nínú rẹ̀, ọ̀nà tí Windows ń gbà ka GB ló yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́.

Bí Windows bá bi yín bóyá MBR tàbí GPT (ọ̀nà méjì tí háàdì ń gbà kọ àtòjọ ìpín rẹ̀), ẹ mú MBR. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ díẹ̀ kì í ka GPT, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan nínú ihò. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní sọ pé kí ẹ ra 4TB: MBR kò lè kọjá nǹkan bí 2.2TB, ìyókù á wà níbẹ̀ láìwúlò. Bí háàdì bá ti ní fọ́máàtì láti ilé ìtajà, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ Disk 1 (tàbí nọ́ńbà tí háàdì yín bá ní), Properties, Volumes, kí ẹ wo Partition style. Bó bá jẹ́ GPT, ẹ ṣe Delete Volume, lẹ́yìn náà Convert to MBR Disk.

Nígbà mìíràn, ìpín kékeré kan á wà níwájú tí Disk Management kò ní gbà kí ẹ pa rẹ́, pàápàá bí háàdì bá ti dé ọ̀dọ̀ Mac rí. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator (bí nọ́ńbà háàdì yín kì í bá ṣe 1, ẹ fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀):

diskpart
list disk
select disk 1
list disk
clean
convert mbr
create partition primary
format fs=ntfs label=FIIMU quick
assign
exit

"list disk" ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Àmì ìràwọ̀ á wà níwájú háàdì tí ẹ yàn. Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ rí i pé 1863GB ló wà níbẹ̀, torí "clean" kì í béèrè bóyá ó dá yín lójú. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti nu gbogbo àtòjọ ìpín orí rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ Disk Management lẹ lò, ẹ ṣe New Simple Volume, NTFS, kí ẹ fi Allocation unit size sílẹ̀ ní Default. Ìpín ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe, torí àwọn tẹlifíṣọ̀n kan kì í rí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fún háàdì tuntun, ẹ yọ àmì kúrò nínú Perform a quick format lẹ́ẹ̀kan yìí kó lè gba gbogbo ojú àwo kọjá. Bíi wákàtí 6 ni yóò gbà lórí USB 3.0, ó lè tó 18 lórí USB 2.0. Laptop gbọ́dọ̀ wà lára chárjà, kí ẹ sì yí Sleep sí Never, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á sùn láàárín iṣẹ́.

Bí ẹ bá kó fíìmù tán, ẹ ṣe Safely Remove. Ẹ má kàn pa laptop kí ẹ sì yọ ọ́. Fast Startup (ètò tó ń mú kí laptop tètè tan) tó wà nínú Windows 10 kì í ti NTFS dáadáa, tẹlifíṣọ̀n sì lè kọ̀ láti ka háàdì náà. Bí ẹ bá fẹ́ pa á pátápátá, ẹ di Shift mú bí ẹ ṣe ń tẹ Shut down. Bí tẹlifíṣọ̀n bá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ dá a padà sára laptop, kí ẹ tẹ chkdsk E: /f (E ni lẹ́tà tí Windows bá fún un). Ìyẹn ló máa ń yanjú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọmọ_Peckham:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má jẹ́ ká ba exFAT lórúkọ jẹ́ jù. Microsoft ti tẹ àlàyé rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé ní 2019, ó sì ti wọ inú Linux láti ẹ̀dà 5.4, nítorí náà ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ń kà á bí ìwé wọn kò tiẹ̀ sọ ọ́. Kí Àbẹ̀kẹ́ fi exFAT fọ́máàtì flash 8GB, kó fi fíìmù kan sí i, kó tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ṣiṣẹ́, MacBook àbúrò á lè kó nǹkan sí háàdì tààrà. macOS ń ka NTFS, ṣùgbọ́n kì í kọ nǹkan sí i àyàfi tí ènìyàn bá fi sọ́fítíwíà mìíràn kún un.

Àkànní_Wáyà:

Òótọ́ lẹ sọ lórí kíkà, ìdánwò flash yẹn sì dára. Àmọ́ ọ̀rọ̀ iná ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí exFAT wà lórí flash 64GB tí àbúrò yóò máa fi kó fíìmù láti inú MacBook, kí laptop Windows sì kó o láti orí flash sínú háàdì NTFS. Bí nǹkan kan bá ṣe flash, fíìmù ṣì wà lórí MacBook.

Kí àbúrò má gbàgbé ohun kan. Mac máa ń dá fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ._ sí ẹ̀gbẹ́ fíìmù kọ̀ọ̀kan. Lórí tẹlifíṣọ̀n, fíìmù kan á hàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan á ṣí, èkejì á ní òun ti bàjẹ́, ẹ̀rù á sì máa ba Màmá. Kó tó yọ flash, kó ṣí Terminal lórí Mac, kó tẹ dot_clean -m /Volumes/FLASH, kó fi orúkọ flash tirẹ̀ rọ́pò FLASH.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́:

Kí ẹ tó fọ́máàtì nǹkan kan, ẹ yẹ háàdì náà wò kí ọjọ́ tí olùtajà fi lè gbà á padà má tíì kọjá. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: páálí á pè é ní 2TB, mẹ́mórì káàdì kékeré ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kó lè wúwo. Á gba fíìmù tí ẹ bá kó sí i láìjiyàn, ṣùgbọ́n bó bá ti kún, ńṣe ló ń pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. H2testw lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux, á kọ nǹkan kún un dẹ́nu, á sì kà á padà. Ẹ jẹ́ kó lo gbogbo òru. Bó bá kọjá ìyẹn, ẹ lè fọ́máàtì rẹ̀ pẹ̀lú Quick format, torí ó ti gba gbogbo ojú àwo kọjá.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ láti inú laptop tí wọ́n sì fi sínú casing, ẹ fi CrystalDiskInfo (sọ́fítíwíà tó ń yẹ ìlera háàdì wò) wò ó. Ìlà 05, C5 àti C6 (wọ́n ń ka ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lórí àwo) gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, pàápàá C5. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kí ẹ mú 10 [DEC], torí òǹkà kọ̀ǹpútà tó ní lẹ́tà nínú ló máa ń fi hàn látìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wo Power On Hours (wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́) náà: 20,000 ju ọdún méjì lọ láìsinmi. Bí ìlà 01 lórí Seagate bá ní nọ́ńbà gígùn gbọọrọ, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn fíìmù kan ní àkọlé Yorùbá (ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù) nínú fáìlì srt, ṣùgbọ́n lórí flash tí a fi dán an wò, "?" ló ń hàn níbi tí ẹ, ọ àti ṣ yẹ kó wà. Èkejì, bí a ti ki flash yẹn bọ inú tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí n tẹ OK kí òun lè fọ́máàtì rẹ̀ fún Time Shift (dídá ètò tó ń lọ lọ́wọ́ dúró ká lè wò ó tó bá yá). Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí háàdì bá dé?

Ajíbọ́lá_Kọ̀ǹpútà:

Ẹ fi Notepad ṣí srt náà. Bí ẹ, ọ àti ṣ bá ṣì pé níbẹ̀, ẹ mú Save As, kí ẹ mú UTF-8 ní Encoding (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà), ẹ má mú ANSI. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú ANSI. Bó bá jẹ́ pé "?" náà lẹ rí nínú Notepad, wọ́n ti sọnù nínú fáìlì nìyẹn, ẹ ní láti tún un gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ srt gbọ́dọ̀ bá ti fíìmù mu délẹ̀délẹ̀, Fiimu01.mp4 àti Fiimu01.srt, kí ẹ sì wò ó pé Windows kò fi .txt kún ìdí rẹ̀.

Àkànní_Wáyà:

Ẹ má tẹ OK yẹn láéláé lórí háàdì tí fíìmù wà nínú rẹ̀. Á nu gbogbo 900GB náà, á sì fi fọ́máàtì ara tẹlifíṣọ̀n rọ́pò rẹ̀, èyí tí laptop lè má lè kà. Ẹ tẹ Cancel, kí ẹ wọ inú Settings lọ pa Time Shift àti Recording, kí ẹ sì sọ fún Bàbá àti Màmá pé bí ọ̀rọ̀ "Format" bá jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n tẹ Back. Bí wọ́n bá fẹ́ máa gba ètò sílẹ̀, ẹ ra flash ọ̀tọ̀ fún ìyẹn.