Àwọn ibi tí a ti ń ba Ọlọ́run lórúkọ jẹ́ nínú ìjọ: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a mọ̀

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù kò bú Ọlọ́run rárá. Ńṣe ni wọ́n ń gbèjà rẹ̀. Láti orí kẹrin ìwé Jóòbù lọ, wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn pé Ọlọ́run kì í ṣẹjọ́ po, pé ẹni tí ìyà bá ń jẹ ti ní láti dẹ́ṣẹ̀, pé kí Jóòbù ronú pìwà dà, nǹkan á sì padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni wọ́n ti máa ṣe Àmín sí ìwàásù yẹn lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di orí 42 ẹsẹ 7, Ọlọ́run sọ fún Élífásì pé inú ń bí òun sí i àti sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ti sọ ọ́. Jóòbù tó ń ké, tó ń ráhùn, tó ń pe Ọlọ́run lẹ́jọ́, òun ni Ọlọ́run dá láre.

Ẹ tún wo Mósè ní Númérì 20. Ọlọ́run ní kó bá àpáta sọ̀rọ̀. Kò sí ìbínú kankan nínú iṣẹ́ tó rán an. Mósè dé iwájú àwọn èèyàn, ó pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀, ó sì fi ọ̀pá lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì. Ìbínú Mósè ni wọ́n rí, wọ́n sì rò pé ti Ọlọ́run ni. Ohun tí kò jẹ́ kó wọ ilẹ̀ ìlérí nìyẹn. Síbẹ̀ omi jáde, omi náà sì pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn. Pé omi jáde kò fi hàn pé ìránṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ìjọ lè kún, àmì lè ṣẹlẹ̀, kí àwòrán Ọlọ́run tí àwọn èèyàn ń gbé lọ sílé má sì jọ ọ́ rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ, ẹ sọ ibi tó ti ń bàjẹ́ àti bí a ṣe ń tún un ṣe. Ẹ má dárúkọ ìjọ, ẹ má dárúkọ èèyàn.

Ẹni tó ń bẹ aláìsàn wò

Ìbéèrè ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń ba ìbẹ̀wò jẹ́. Olùbẹ̀wò á wọlé, kò tíì jókòó, á ní: "Ṣé kò sí ẹni tí ẹ ṣẹ̀? Ṣé kò sí ohun tí ẹ fi pa mọ́?" Ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù nípa ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú nìyẹn (Jòhánù 9). Jésù ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ti àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló pọ̀ ju ti àwọn tó kù ní Jerúsálẹ́mù lọ (Lúùkù 13:4-5). Aláìsàn tí a bi ní irú ìbéèrè yẹn kì í sinmi mọ́. Yóò máa tú gbogbo ayé rẹ̀ wò lórí ibùsùn, yóò máa wá ohun tí Ọlọ́run ń torí rẹ̀ nà án.

Ọ̀rọ̀ oògùn tún léwu ju ìyẹn lọ. A ó sọ fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pé kó fi ìgbàgbọ́ dá a dúró. Ara rẹ̀ lè máà yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi ara hàn. Yóò sì ti jẹ́rìí níwájú ìjọ kí rọpárọsẹ̀ tó dé. Ẹni tó dá oògùn wárápá dúró lójijì lè ní gìrì tí kò ní dáwọ́ dúró. Ẹlòmíràn wà tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ara kò lè ṣe insulin fúnra rẹ̀: tí kò bá gba abẹ́rẹ́ mọ́, ọjọ́ díẹ̀ péré ló fi máa wà nínú ewu ikú. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹbí kì í sọ pé pásítọ̀ ló ṣìnà. Wọ́n á ní Ọlọ́run já àwọn kulẹ̀, tàbí pé ìgbàgbọ́ olóògbé kò tó. Aísáyà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ sí oówo Hesekáyà (Aísáyà 38:21). Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀, ó sì fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, láìsọ pé ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni kò tó.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn kí ẹ wá. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó. Ẹ jókòó kí ojú yín lè bá ojú aláìsàn dọ́gba. Ẹni tó bá dúró lé aláìsàn lórí ń jọ adájọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ àdúrà, kí ẹ sì gbà á ní ohùn pẹ̀lẹ́, kó kúrú. Tí ẹ bá dé ìjọ, ẹ má dárúkọ àìsàn rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kódà kó jẹ́ pé àdúrà lẹ fẹ́ kí wọ́n bá a gbà.

Ti ilé ọ̀fọ̀ ńkọ́? "Olúwa ló fún ni, Olúwa ló sì gbà lọ": Jóòbù ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nípa àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀. Àlejò kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ fún un. Èyí tó sì burú jù ni kí a sọ fún òbí pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ náà jù wá lọ ló ṣe mú un. Àbúrò ọmọ tó kú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ó ń gbọ́, ẹ̀rù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á kí Ọlọ́run má lọ fẹ́ràn òun náà. Ohun tó dára jù lọ tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe ni ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ nǹkan kan (2:13). Nígbà tí èrò bá sì ti tú ká, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀: oṣù kìíní, oṣù kẹta, oṣù kẹfà, ọjọ́ ìbí olóògbé, àyájọ́ ikú rẹ̀. Ẹ pè wọ́n ní àwọn ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó kú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ní ìbẹ̀rù pé gbogbo èèyàn ti gbàgbé rẹ̀.

Akápò

Témi kò pọ̀, owó ni. Náámánì, ọ̀gágun ilẹ̀ Síríà, gba ìwòsàn, wòlíì Èlíṣà kò gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, sáré tẹ̀ lé Náámánì, ó sì gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì (2 Àwọn Ọba 5). Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Ọlọ́run ń lọ sílé, Géhásì sì mú kó dà bíi pé títà ni wọ́n ń ta àánú. Gbogbo ìgbà tí a bá ní kí ẹni tó wà nínú ìṣòro kọ́kọ́ fúnrúgbìn kí àdúrà tó lè gbà, ohun tí Géhásì ṣe náà là ń ṣe.

Àwọn òfin tó ń dáàbò bo orúkọ Ọlọ́run lẹ́nu iṣẹ́ wa: kí àwọn méjì tí kì í ṣe ẹbí kan náà jọ ka owó, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé. Kí a ka ìṣirò owó fún ìjọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí a ó sì fi owó oṣù pásítọ̀ kún un. Pọ́ọ̀lù kò dá gbé owó ọrẹ lọ. Ó ní kí àwọn mìíràn bá a lọ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn fi kàn wọ́n (2 Kọ́ríńtì 8:20). Kí a má ṣe pe àwọn tó fẹ́ dá iye báyìí jáde síwájú, nítorí pé ẹni tí kò ní owó yóò jókòó síbẹ̀, yóò sì rò pé Ọlọ́run náà ń wo òun bí ìjọ ṣe ń wo òun. Kí a má gba ọrẹ lórí ibùsùn aláìsàn. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan yá owó láti san ẹ̀jẹ́, kí a dá owó náà padà fún un. Nínú ìdámẹ́wàá ọdún kẹta, Diutarónómì 14 ní kí àlejò, ọmọ òrukàn àti opó jẹ, kí wọ́n yó. Nítorí náà kí owó àwọn aláìní wà nínú ètò ìnáwó kí a tó kan ti ilé kíkọ́.

Alàgbà nínú ìgbìmọ̀ ìbáwí

Ibi tí mo ti rí i tó ń bàjẹ́ jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ dáadáa.

Mátíù 18 là á sílẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ ní àwa àti òun nìkan, lẹ́yìn náà kí a mú ẹnì kan tàbí méjì lọ, ìjọ ló gbẹ̀yìn. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ń ti orí pẹpẹ bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó lóyún á dúró níwájú gbogbo èèyàn, ẹni tó fún un lóyún á wà láàárín akọrin. Bí wọ́n ṣe mú obìnrin tí wọ́n ká mọ́ panṣágà ní Jòhánù 8 wá gan-an nìyẹn: Léfítíkù 20:10 dá àwọn méjèèjì lẹ́bi, obìnrin nìkan ni wọ́n rí mú. Bí ìbáwí bá tiẹ̀ wá di dandan, kí a kọ ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí a yan ẹni tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì kéde ìpadàbọ̀ rẹ̀ ní ibi tí a ti kéde ìbáwí rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní ìyà tó jẹ ọkùnrin ará Kọ́ríńtì ti tó, kí wọ́n dárí jì í, kí wọ́n tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ má bàa gbé e mì (2 Kọ́ríńtì 2:6-8). Àwọn tó sọnù lọ́wọ́ wa sábà máa ń jẹ́ àwọn tí ìbáwí wọn kò ní òpin.

Nípa ọkọ tó ń lu ìyàwó: ẹ má jókòó ti àwọn méjèèjì pa pọ̀ nínú yàrá kan láti gbọ́ ẹjọ́. Obìnrin náà yóò sọ kìkì ohun tí wọn kò ní torí rẹ̀ lù ú tí wọ́n bá délé, ẹ̀yin á sì lọ sùn pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ lọ́tọ̀, kí obìnrin kan wà níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ọkọ rẹ̀ ti fún un lọ́rùn rí, bóyá ohun ìjà wà nílé, nítorí pé àmì ewu ikú ni méjèèjì. Ẹ bá a wá ibi tí òun àti àwọn ọmọ lè sá sí kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ìlàjà. Tí a bá ní kó padà lọ gbàdúrà kó sì fara dà á, ohun tó gbọ́ ni pé Ọlọ́run àti ọkọ òun jọ fohùn ṣọ̀kan.

Nípa ọmọ tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe: iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọ kọ́ ni láti ṣèwádìí. Ẹ fi tó àwọn aláṣẹ létí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ yọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kúrò níbi tí ọmọdé bá wà. Ẹ má máa pe ọmọ náà léraléra pé kó tún un sọ, torí pé ó ń dá ọgbẹ́ sí i lára, ó sì ń ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ má sì fipá mú un pé kó dárí jì.

Bí ẹ̀sùn bá kan olórí ìjọ, wọ́n á ní, "Ẹ má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró." Ẹ lọ ka Sáàmù 105 láti ẹsẹ 12. Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ló ń sọ̀rọ̀ wọn: wọn kò pọ̀, àjèjì ni wọ́n, wọ́n ń ṣí láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, Ọlọ́run sì ń bá àwọn ọba wí nítorí wọn. Ẹsẹ tó ń gba aláìlágbára lọ́wọ́ alágbára la sọ di apata alágbára. Dáfídì kò pa Sọ́ọ̀lù, ọba tí Ọlọ́run fi òróró yàn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dúró ní gbangba níwájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó sì ka ẹ̀sùn rẹ̀ sí i lára (1 Sámúẹ́lì 24). Alàgbà tó bá ń dẹ́ṣẹ̀, 1 Tímótì 5:20 ní kí a bá a wí lójú gbogbo èèyàn.

Olùkọ́ àwọn ọmọdé

Ẹ má sọ "Ọlọ́run ń wò ẹ́" fún ọmọ tó ń yọ àwọn yòókù lẹ́nu. Hágárì ló pe Ọlọ́run ní ẹni tó rí òun (Jẹ́nẹ́sísì 16:13), lẹ́yìn tó sá kúrò nílé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹ́. Ìtùnú ni ojú Ọlọ́run jẹ́ fún un. Ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì kíkọ ṣe ìyà fún ọmọ. Ẹ má sì ṣàpèjúwe iná ọ̀run àpáàdì fún ọmọ ọdún márùn-ún kó lè jáde wá gba Jésù. Ó máa jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló gbé e wá. Tí ọmọ bá béèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀.

Oníwàásù

Mo fẹ́ fi ti orí pẹpẹ kún un. Ní 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan ní London fún àwọn ẹrú ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gé ìtàn bí Mósè ṣe kó Ísírẹ́lì jáde kúrò lóko ẹrú kúrò nínú rẹ̀, wọ́n gé Gálátíà 3:28 tó ní kò sí ẹrú tàbí òmìnira nínú Kristi kúrò, wọ́n fi ibi tó ní kí ẹrú gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu sílẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú àwọn ẹsẹ tó ṣẹ́ kù. Ohun tí wọ́n yọ ló sọ Ọlọ́run di ọ̀rẹ́ olówó ẹrú.

Àwa náà ń gé e láìlo ọ̀bẹ. Ẹ kọ gbogbo ẹsẹ tí ẹ ti fi wàásù láti oṣù 12 sẹ́yìn sílẹ̀. Ẹ wo iye ìgbà tí ẹ mú Málákì 3 tó ń sọ nípa ìdámẹ́wàá, àti iye ìgbà tí ẹ mú Lúùkù 15 tó ń sọ nípa bàbá tó gba ọmọ rẹ̀ tó sọnù padà. Ẹ wo bóyá ẹ ti ka Sáàmù 88 fún ìjọ rí, èyí tó parí sínú òkùnkùn láìsí ìdáhùn. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ìjọ yín kò mọ̀ ọ́n mọ Ọlọ́run.

Nípa "Ọlọ́run sọ fún mi" ńkọ́? Pọ́ọ̀lù tó jẹ́ àpọ́sítélì pàápàá, ní 1 Kọ́ríńtì 7, ya ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀: ní ẹsẹ 10 ó ní Olúwa ló pàṣẹ, ní ẹsẹ 12 ó ní òun ni, kì í ṣe Olúwa. Ẹ máa sọ "mo rò pé" níbi tó bá jẹ́ èrò yín. Tí ẹ bá gbà pé ẹ gbọ́ nǹkan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ fún àwọn mìíràn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé etí ẹni tó kàn (1 Kọ́ríńtì 14:29). Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni pé òun ló wà nídìí ìṣòro ẹlòmíràn. Ìyá àti ọmọ ti kọ ara wọn sílẹ̀ nítorí irú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó padà wá láti orí pẹpẹ láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ohun tí ẹ sọ kò bá ṣẹ, ẹ lọ bá ẹni náà nílé, kí ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run kọ́ ló sọ ọ́, pé ẹ̀yin ni, kí ẹ sì tún sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́.