Aláìlókùn ni, kì í ṣe "ọ̀fẹ́-ìṣọ́"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka àríyànjiyàn yìí, lórí ohun tí a ó máa pe "DRM-free" ní Yorùbá (ọjà orí kọ̀ǹpútà tí kò ní DRM, ìdè tí olùtajà fi ń ṣọ́ bí ẹni tó rà á ṣe ń lò ó), tí mo sì ń pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò wa tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè kọ ọ́ síbí lánàá pé "ọ̀fẹ́-ìṣọ́" ti di ọ̀rọ̀ àmúlò, pé òun ti fi í sínú ìròyìn tí òun ń túmọ̀, ara mi ò sì gbà á mọ́. Ta ló fọwọ́ sí i? Ìgbà wo la jókòó lé e lórí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ìròyìn náà dá lórí Resident Evil, géèmù adẹ́rùbani oníjà tí Capcom ti ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ gbé jáde lórí PlayStation ní 1996. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, GOG tún gbé e jáde fún kọ̀ǹpútà láìsí DRM. GOG yìí ni ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí CD Projekt ti ilẹ̀ Póláǹdì dá sílẹ̀ ní 2008. Apá kejì àti apá kẹta náà tẹ̀lé e kí ọdún yẹn tó parí. Ẹni tó bá ti sanwó á gba fáìlì rẹ̀, á kó o sórí fíláàṣì, á gbé e lọ sí oko tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé, géèmù á sì ṣí. Kò ní kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Láìsí DRM" yìí ni àbúrò sọ di "ọ̀fẹ́-ìṣọ́".

Ọ̀fẹ́, nílẹ̀ Rẹ́mọ tí wọ́n ti bí Awólọ́wọ̀! Ní 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún tolówó tìṣẹ́, "ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́" ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lónìí, kí ẹ bi arúgbó èyíkéyìí tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ pé kí ni ọ̀fẹ́. Á ní ohun tí a kì í sanwó fún ni. Kò tún ní ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu wa. Ẹni tó bá ka "géèmù ọ̀fẹ́-ìṣọ́" á rò pé wọ́n ń fi géèmù tọrẹ ni, tàbí pé àwọn ọdẹ kan ń ṣọ́ ọ láìgba owó. Bẹ́ẹ̀ ọjà ni GOG ń tà, owó gidi ló sì ń gbà lórí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn kedere. Àbúrò rí "free" ní ìdí ọ̀rọ̀ òyìnbó, ó sì gbé e bó ṣe rí. Àìní ohun kan ni ẹ̀rún ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí tó bá wà ní ìdí ọ̀rọ̀, kò kan owó rárá. Àwa sì ní tiwa tí kò gbowó lórí: aláì-. Aláìlẹ́bi, aláìlábàwọ́n, aláìlẹ́ṣẹ̀, aláìmọ̀kan. Gbogbo ẹni tó bá ti lọ sílé ìwé ọjọ́ ìsinmi rí ló mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ Yorùbá ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì rí ọmọ kíláàsì kan tí aláì- rú lójú rí. Kí ló wá dé tí a fi ń wá ọ̀fẹ́ kiri?

Ẹlòmíràn láti Ìjẹ̀bú-Igbó gba ọ̀nà yẹn, àmọ́ ó kọsẹ̀. Ó ní "géèmù aláìsí-ìdè". Aláìsí kẹ̀? Olóògbé là ń pè ní aláìsí! Nínú géèmù tí òkú ti ń dìde rìn, ẹ fẹ́ fi aláìsí ṣe orúkọ ohun mìíràn, kí ẹni tó ń kà á wá mọ èwo ni ẹ ń wí báwo? Ẹni tó sì dá "olómìnira" lábàá, ẹni tó ra géèmù ló lómìnira, kì í ṣe géèmù.

Mo wá bọ́ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìpẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ní ààlè ni DRM, nítorí náà kí a pe èyí tí kò ní in ní "aláìláàlè". Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ ni, ó sì jinlẹ̀. Àwọn bàbá wa a máa so akísà, ṣúkù àgbàdo àti ata mọ́ igi lẹ́bàá oko, olè á rí i, á yà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ni ààlè ń bá wí? Ẹni tí kò rà ni. Bí mo bá sanwó ebè iṣu fún olóko tán, ó di dandan kí ó tú ààlè rẹ̀ kúrò kí n tó wa iṣu mi. DRM kì í tú kúrò. Lẹ́yìn tí o ti sanwó tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: á máa yẹ ọ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa ka iye kọ̀ǹpútà tí o fi ọjà ara rẹ sí, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá sì pa ẹ̀rọ tirẹ̀, ọjà rẹ kú. Ẹni tó rà á gan-an ló ń dè. Ohun kan náà ló bá "aláìlágádágodo" jẹ́, nítorí ẹni tó bá ra ilé ló ń gba kọ́kọ́rọ́.

Okùn ni DRM. Nígbà tí ìyá mi ń ra ẹran ọdún ní Sábó, Ṣágámù, bí ó bá ti ka owó tán, ọwọ́ ló ń nà. Ẹlẹ́ran á sì fi orí okùn lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni ọjà tó parí. Kí okùn tó kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́ran, ìyá mi kì í yí ẹ̀yìn padà. DRM ni ẹlẹ́ran tó gbowó tán tó ṣì di okùn mú, tí ẹran wà ní àgbàlá rẹ, tí okùn sì gùn dé ilé rẹ̀. Ó sì máa ń fà á. Ní 2009, Amazon yọ ìwé George Orwell méjì kúrò lórí Kindle (ẹ̀rọ ìkàwé rẹ̀) àwọn tó ti rà wọ́n, ó dá owó wọn padà láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè. Ní 2024, Ubisoft pa ẹ̀rọ tó gbé géèmù The Crew ró, àwọn tó fi owó wọn rà á ò sì rí i ṣí mọ́. Aláìlókùn ni ọjà tí okùn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tó tà á mọ́.

Ìyá wa kan ní Ìjagun ti kọ̀wé pé bí ẹni tí kì í fàmì sí ọ̀rọ̀ bá kọ aláìlókùn, "aláìlókun" la máa kà, géèmù á wá di ọ̀lẹ. Mà, òtítọ́ lẹ sọ. Okùn tí a fi ń so ẹran, ohùn àárín àti ìsàlẹ̀ ni. Okun tí í ṣe agbára, àárín àti àárín ni. Òkun ńlá, ìsàlẹ̀ àti àárín. Bí "ní" bá pàdé èyíkéyìí nínú wọn, ohùn òkè á jókòó lórí "o", orí "ùn" nìkan ni okùn ti lè fi ara rẹ̀ hàn. Àmì kan ṣoṣo ló dá a sí. Ṣùgbọ́n ṣé torí ìyẹn la ó ṣe ju ọ̀rọ̀ náà nù? A ò ju igbà adẹ́mu nù torí igba. Kí ẹni tó bá ń túmọ̀ ìròyìn fàmì sí i! Láti 1974 la ti ní àkọtọ́ tí a jọ gbà, fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí sì lè tẹ gbogbo àmì tó wà níbẹ̀. Àìbìkítà ni kí a máa sọ.

Ẹni tó bá sì rò pé à ń ja ìjà lásán lórí ọ̀rọ̀, kó wo ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe òfin kan ní oṣù Kẹsàn-án 2024 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025, pé olùtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ kọ "rà" sára ọjà tó lè gbà padà, àfi tó bá sọ ọ́ gbangba pé àṣẹ ìlò lásán ni òun ń tà. Èyí tí ènìyàn lè gbà sílẹ̀ títí láé, tó sì lè lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin yẹn ò kàn án. Orí ọ̀rọ̀ "rà" nìkan ni wọ́n ṣe jókòó ṣòfin. Àwa tí èdè wa mọ ìyàtọ̀ láàárín rà àti yá, ọ̀fẹ́ ló yẹ ká máa rọ̀ mọ́?

Ó ku ọ̀rọ̀ àkúdàáyà, Ẹ̀gbọ́n Ìpẹ̀rù, n kò sì ní gbà fún yín lórí èyí. Ẹ ní àkúdàáyà ni àwọn òkú inú géèmù náà. Ẹ wo èyí tí ẹni tó ń ṣeré náà kọ́kọ́ máa ń bá pàdé: ó tẹ̀ ba lórí òkú ẹlòmíràn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó wá yí orí padà díẹ̀díẹ̀, ó wojú rẹ. Kòkòrò àrùn ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Àkúdàáyà tí àwọn àgbà sọ fún wa ńkọ́? Ó kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n rí i ní Kùmásí, ó ń tajà, ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, ó ń kí àwọn aládùúgbò. Ọjọ́ tí ará ilé bá rí i ló ń pòórá. Èwo nínú wọn ló jẹ ènìyàn rí? "Òkú ajènìyàn" ni mo fara mọ́, mo sì mọ̀ pé àwọn kan níbí ti ń sọ pé kí a kúkú kọ ọ́ ní "sọ́ńbì" kí ìjà tán. N kò gba ìyẹn náà.

Àbúrò, ìwọ fúnra rẹ ló sọ pé ìròyìn yẹn ò tíì jáde. Yọ ọ̀fẹ́ kúrò níbẹ̀ lónìí, kí o kọ "géèmù aláìlókùn", kí o sì fi àmì sórí ùn. Ẹ̀gbọ́n Ìpẹ̀rù, mo ń retí èsì yín.