Panjin ní Ṣáínà: epo rọ̀bì, àbàtà àti etí òkun pupa. Ẹ là mí lọ́yẹ̀

Akọ̀wé_Etídò:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń kọ àròkọ lórí àwọn ìlú elépo tó wà létí òkun, mo sì ti mú Panjin ní ìpínlẹ̀ Liaoning. Nǹkan mẹ́ta ló rú mi lójú. Báwo ni wọ́n ṣe ń fa epo nínú àbàtà tó tún jẹ́ ibi ààbò ẹyẹ? Etí òkun pupa tí mo rí nínú àwòrán ńkọ́, ṣé bó ṣe rí nìyẹn àbí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kùn ún? Wọ́n tún ní akàn àti ìrẹsì ń gbé oko kan náà. Kí ló dé tí akàn ò jẹ ìrẹsì tán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ọ̀rọ̀ àwọn tó ń polówó ìrìn àjò wá o. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀.

Ẹlẹ́rọ_Kànga:
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ti epo. Pápá epo Liaohe ló bí ìlú náà. Ní 1970 ni iṣẹ́ ibẹ̀ gbéra, 1984 ni Panjin ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìlú tó dá dúró. Ní 1995 wọ́n fa ju mílíọ̀nù 15 tọ́ọ̀nù lọ. Lóde òní, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 lọ́dún ni.

Epo ibẹ̀ ki ni. Epo tiwa ní Nàìjíríà fúyẹ́, ó ń ṣàn. Èyí tó pọ̀ jù ní Liaohe, bó bá tutù, bí ọ̀dà ló ń rí, pọ́ǹpù nìkan ò lè gbé e. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á se omi títí tó fi di sítíìmù tó gbóná ju 300°C lọ, wọ́n á tì í wọ inú kànga, wọ́n á sì dé kànga náà fún ọjọ́ mélòó kan kí ooru lè ráyè wọ inú yanrìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí i, tí wọ́n á fa epo láti kànga yẹn kan náà. Bó bá tún ti ki padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: bí wọ́n bá ṣe ń tún un ṣe tó ni omi ń pọ̀ sí i, tí epo ń dín. Sítíìmù a máa wá ibi tó rọrùn jù gbà, ó lè já sínú kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láì mú epo kankan gbóná. Irin kànga a máa gùn nínú ooru, a sì máa súnkì bó bá tutù. Tó bá pẹ́, ojú ìsopọ̀ á já, yanrìn á ya wọlé. Níbi tí ìpele epo bá nípọn dáadáa, wọ́n máa ń gbẹ́ kànga méjì tó dùbúlẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, pẹ̀lú nǹkan bíi mítà 5 láàárín wọn. Tòkè ń gba sítíìmù, tìsàlẹ̀ ń gbe epo tó ń ro sílẹ̀.

Omi tó bá epo jáde ò gbọdọ̀ kan àbàtà. Wọ́n á yọ epo àti yanrìn inú rẹ̀, wọ́n á tún yọ èròjà tó ń di èépá mọ́ páìpù bọ́ílà, wọ́n á wá fi se sítíìmù mìíràn. Ọ̀pọ̀ kànga tó wà láàárín gbùngbùn ibi ààbò náà ni wọ́n ti dí pa, tí wọ́n sì kó irin rẹ̀ kúrò.

ẸyẹOmi:
Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ewéko *Suaeda salsa* ni, ẹbí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni lóòótọ́, irú aró tó mú tẹ̀tẹ̀ pupa pọ́n ló wà lára òun náà. Ó ń hù ní oṣù kẹrin, ó ń pọ́n sí i títí di oṣù kẹsàn-án, òtútù á sì pa á.

Ara ewéko yìí gba iyọ̀, àmọ́ ó ní ìwọ̀n. Òkun ní láti kún bò ó, kó sì fà padà. Bí omi bá dúró lé e lórí, á jẹrà. Bí wọ́n bá mọ odi dí òkun lọ́nà, iyọ̀ á gbá jọ sójú ilẹ̀, irúgbìn ò ní hù. Odi àti adágún tí wọ́n fi ń sin nǹkan omi ló fa èyí tó kú lọ bẹẹrẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi wó ọ̀pọ̀ adágún, tí wọ́n sì jẹ́ kí òkun wọlé padà.

Lórí ilẹ̀ pupa yìí ni ẹyẹ òkun *Saundersilarus saundersi* ń yé sí. Bí òkun bá kún ju bó ṣe yẹ lọ lásìkò ìpamọ, ẹyin lọ nìyẹn. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni koríko ìféfé tó lọ salalu, ìgbà òtútù tí omi bá di yìnyín ni ẹ̀rọ ń wọ̀ ọ́ lọ gé e. Ramsar, ìyẹn àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo àbàtà, ti fọwọ́ sí àbàtà ẹnu odò náà láti 2004, Panjin fúnra rẹ̀ sì gba orúkọ ìlú àbàtà ní 2022.

Alákàn_Oko:
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, akàn lè jẹ ìrẹsì o, bí ebi bá pa á tàbí tí wọ́n bá tètè kó o síbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ́ ìrẹsì ní ìparí oṣù karùn-ún, á ta gbòǹgbò, kí wọ́n tó kó ọmọ akàn tó wọ̀n tó gíráàmù 5 sí 10 sínú rẹ̀, nǹkan bí 500 fún *mu* kan (ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 667). Yàrà á yí oko ká níbi tí akàn á sá sí bí omi bá gbẹ. Náílọ́ọ̀nù tó dán ni wọ́n fi ń ṣọgbà, ó ga tó ìdajì mítà. Kọ̀rọ̀ ọgbà gbọ́dọ̀ rí róbótó, torí kọ̀rọ̀ tó bá mú ṣónṣó ni akàn ń gbà gùn jáde.

Akàn ń jẹ koríko àti kòkòrò, ìgbẹ́ rẹ̀ ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Àkókò tó bá ń bọ́ èèpo ló léwu jù, ara rẹ̀ rọ̀ nígbà náà: bí omi bá dọ̀tí tàbí tí ọ́síjìn lọ sílẹ̀, á kú. Oògùn kòkòrò ńkọ́? Díẹ̀ péré lára èyí tó wọ́pọ̀ tó láti pa gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, akàn tó gbó á máa gùn jáde lóru, torí omi oníyọ̀ ló ń pamọ sí, ẹnu odò ló ń wá. Ẹni tó bá ri korobá mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọgbà á rí i kó láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gé ìrẹsì.

Akọ̀wé_Etídò:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní rí ibi. Bí èèyàn bá fẹ́ lọ wò ó ńkọ́?

ẸyẹOmi:
Oṣù kẹsàn-án. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Beijing tàbí Shenyang dé Panjin, kí ẹ gba mọ́tò lọ sétí òkun. Ẹ wo àkókò tí òkun ń fà kí ẹ tó jáde nílé, ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá onípákó: ẹrẹ̀ yẹn jìn, ibi tí ẹsẹ̀ bá sì tẹ̀ kì í tètè hù padà. Ẹ yẹra fún 1 sí 7 oṣù kẹwàá. Ọlidé orílẹ̀-èdè wọn ni, èrò ò ní jẹ́ kí ẹ rí ilẹ̀.